Itọ́ Gbogbo Hamravík Nínú Ìgò Mẹ́tàlélógójì

Hamravík, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Òkúdù

Rannvá ọmọ mi, àkọ́bí mi, ẹni ọdún mẹ́sàn-án tó ń gun òkè ju bàbá rẹ̀ lọ,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara ń mókun? Ṣé ìyá rẹ ń rí oorun sùn lórí àga tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ? Kí Ẹni tó ń mú ọkọ̀ gba àárín ìkúukùu dé èbúté máa mú ẹ̀yin méjèèjì lọ́wọ́ ní Kopinhágìn, kí òkun tó wà láàárín wa má sì fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ara rẹ bá yá, ara tèmi náà yá. Tó bá rẹ̀ ọ́, ó rẹ èmi náà. Orí orúnkún mi ni mo ti ń kọ ìwé yìí, lẹ́yìn ògiri òkúta tó wà lókè ilé wa, torí pé Tummas àbúrò rẹ kò jẹ́ kí ènìyàn gbádùn tábìlì mọ́. Ó ti hu eyín kejì. Ó fi gé etí ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ sí ọ, ó sì gbé e mì, ìdí nìyẹn tí èyí fi pẹ́.

Ìkúukùu ti bo abúlé láti ọjọ́ Ajé. Láti ibi tí mo jókòó, koríko orí òrùlé wa nìkan ni mo rí, ó dà bíi pé ilé náà léfòó, bíi pé ẹnì kan tú ìdákọ̀ró rẹ̀ tó sì ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìmọ ibi tó ń lọ. Ohùn Omma ìyá mi ń ti abẹ́ rẹ̀ jáde, ó ń bá àwọn adìẹ jà. Abo àgùntàn rẹ tó ní ojú dúdú kan ti bí ìbejì, mo ti gé àmì ilé wa sí wọn létí, wọn kò sì sunkún. Ajá ṣì ń lọ dúró sí etí omi lójoojúmọ́ tí ọkọ̀ bá dé. Tí kò bá rí ọ, á kọ ẹ̀yìn sí ọ̀gá ọkọ̀ bíi pé òun ló jí ọ gbé.

Ìyá rẹ sọ fún mi pé o gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì pé bàbá rẹ kó itọ́ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn, àti pé ọmọkùnrin tó wà nínú yàrá rẹ ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Sọ fún un pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi, torí pé nọ́ọ̀sì kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ márùn-ún pé tí o ti wà lórí ibùsùn yẹn, tí wọ́n ti wo orí rẹ, tí wọ́n ti wo ọkàn rẹ, tí kò sí dókítà kan tó lè sọ ìdí tí o fi ń ṣubú lójú ọ̀nà ilé ìwé, ìwé kan dé láti ilé ìwòsàn. Ojú ewé mẹ́fà ni. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó ń ṣe ọ́ jẹ́ ohun tí o jogún nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn ẹbí wa, ìran mẹ́ta. Ìran mẹ́ta! Ta ni kò mọ ìran mẹ́ta? Mo kọ ìran mẹ́sàn-án. Nígbà tí ìwé wọn kún, mo ya ojú ewé mẹ́jọ nínú ìwé ìṣirò rẹ, má bínú, mo kọ ọ́ títí dé orí Páll tó ra aago ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì ya àmì etí àgùntàn ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ kí dókítà má bàa fi ẹnì kan pe ẹlòmíràn. Wọ́n tún béèrè bóyá èmi àti ìyá rẹ bá ara wa tan. Mo kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, èmi àti ọ̀gá ọkọ̀ náà bá ara wa tan, èmi àti olùkọ́ yín náà bá ara wa tan, tí wọ́n bá sì rí ẹni tí mi ò bá tan ní Hamravík, kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ̀wé sí mi, torí mi ò tí ì pàdé rẹ̀.

Nínú àpò ìwé náà ni wọ́n fi ìgò kékeré kan sí, kò gùn ju ìka mi lọ, wọ́n ní kí n tutọ́ sí i, pé àwọn lè rí ohun tí ẹ̀jẹ̀ wa gbé láti inú itọ́. Mo yẹ àpò náà wò bóyá àwọn yòókù há sí ìsàlẹ̀. Kò sí. Ọ̀kan ṣoṣo! Ọmọ mi wà lórí àìsàn, ìka ìgò kan ni wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ mi?

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí. Tí àgùntàn àjèjì bá dara pọ̀ mọ́ ti wa, gbogbo abúlé ni í gun òkè, a ó tò lọ bí okùn, a ó kó gbogbo wọn wálẹ̀ sínú ọgbà òkúta, a ó sì máa wo etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí èyí tí kò yẹ níbẹ̀ á fi yọ. Tí o bá fi ọ̀kan sílẹ̀ lókè, iṣẹ́ rẹ di asán. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ rí. Mo ní ohun burúkú kan ti yà wọ inú agbo wa, kí a kó gbogbo agbo wálẹ̀.

Omma fọ gbogbo ìgò jáàmù rẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná. Mo lọ láti ilé dé ilé, mo ní kí gbogbo ènìyàn wá sí ilé tí a ń gbé ọkọ̀ ojú omi sí, kí wọ́n wá tutọ́ fún Rannvá. Wọ́n wá o. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìdí. Olùkọ́ yín jókòó, ó ń kọ orúkọ mọ́ ìgò. Dánjal arúgbó tó ń jẹ tábà dé, itọ́ rẹ̀ dúdú bíi kọfí. Omma ní Dánjal, lọ fọ ẹnu ẹ, àbí o fẹ́ pa ọmọ náà ni? Dánjal ní Billa, ẹnu yìí náà ni mo fi kọrin níbi ìgbéyàwó ẹ, o ò ní kí n lọ fọ̀ ọ́ nígbà yẹn. Omma ní nígbà yẹn, òun ò tí ì sún mọ́ ọn tó. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan rẹ́rìn-ín débi pé ẹnu wọn gbẹ, a ní láti dúró dè wọ́n kí itọ́ wọn tó padà.

Ó jẹ́ ìgò mẹ́tàlélógójì. Mo tò wọ́n sínú àpótí ẹja, mo fi irun àgùntàn dí àárín wọn kí wọ́n má bàa fọ́. Obìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní Hamravík ni.

Ó di ọjọ́ kẹrin tó dé ọ̀dọ̀ wọn, fóònù dún, ojú obìnrin kan sì yọ nínú rẹ̀. Mo yára ṣí fìlà. Mo gbé fóònù náà ka orí àga ńlá bàbá mi, Omma gbé kọfí gbígbóná síwájú rẹ̀, torí pé ẹni tó ti Kopinhágìn wá síni nílé kò gbọdọ̀ jókòó lásán. Ó ní orúkọ òun ni Vibeke. Ó ní iṣẹ́ òun nílé ìwòsàn ọmọdé ni pé gbogbo ìwé tí dókítà bá fi béèrè irú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí, iwájú òun ló ń gbà kọjá. Òun ló ń wò ó bóyá àyẹ̀wò náà ló yẹ ọmọ náà, bóyá àsìkò rẹ̀ ti tó, bóyá ìdáhùn rẹ̀ máa yí nǹkan kan padà nínú ìtọ́jú rẹ̀. Mo ní háà, ẹ̀yin lẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní a lè pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ ṣílẹ̀kùn.

Ó ní kí lòun fẹ́ fi ìgò mẹ́tàlélógójì ṣe? Mo ní kí ó yẹ gbogbo wọn wò. Ó ní kí lòun máa wá níbẹ̀? Mo ní gbogbo nǹkan. Ó ní Hergeir, kò sí àyẹ̀wò tó ń jẹ́ gbogbo nǹkan. Ó ní tí òun bá lọ tú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mẹ́tàlélógójì láìmọ ohun tí òun ń wá, òun máa rí ẹgbẹ̀rún nǹkan tí ẹnikẹ́ni láyé kò tí ì mọ ìtumọ̀ rẹ̀, òun máa da oorun mọ́ ẹni tó tutọ́ dúdú yẹn lójú, Rannvá á sì wà lórí ibùsùn síbẹ̀.

Ọmọ mi, mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní ahun ni yín. Mo ní tó bá jẹ́ ọmọ Kopinhágìn ni, tí kì í ṣe ọmọ erékùṣù Fáróò wa, ẹ ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Kò bínú. Ó ní kí a jọ̀ọ́ sún kọfí yẹn sẹ́yìn díẹ̀, èéfín rẹ̀ ti bo ojú mi, òun kò rí ẹni tó ń bú òun mọ́.

Ó wá ní òun gbọ́ pé àgùntàn ni iṣẹ́ mi. Ó ní tí ọ̀kan bá ń tiro, ṣé gbogbo òkè lẹ máa kọ́kọ́ kó wálẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo ẹsẹ̀ ẹ̀? Omma ló dáhùn láti ẹ̀yìn mi, ó ní rárá o, màdáámù, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ló ń dì mú, orí tiẹ̀ gan-an ni kò dì mú lónìí.

Vibeke ní ó dáa, kí n fi ẹsẹ̀ náà han òun. Ìgbà wo ni Rannvá máa ń ṣubú?

Rannvá, kò sẹ́ni tó tí ì bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá rẹ làwọn dókítà ń bi, ìyá rẹ sì ti máa ń wà nílé iṣẹ́ ẹja kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi ni mo ni òwúrọ̀ rẹ. Èmi ni mò ń rí bí o ṣe máa ń jókòó sétí ibùsùn tí ojú rẹ ń wo ibi tí kò sí nǹkan kan, bíi pé apá kan rẹ ṣì wà lójú àlá, tí bọ́tìnì aṣọ rẹ máa ń di ìṣòro fún ọ. Mo sọ fún un. Mo sọ fún un pé tí o bá ti jẹ búrẹ́dì rẹ tán, á dà bíi pé ẹnì kan tan iná, wàá sì máa sáré bí ajá. Mo sọ ti ọjọ́ tí a rẹ́ irun àgùntàn lọ́dún tó kọjá, tí o gbàgbé oúnjẹ rẹ sínú àpò ẹ̀wù, tí mo bá ọ nílẹ̀ lẹ́bàá odò. Mo sọ ti Kérésìmesì tí o ń bì tí o kò lè jẹun. Ó ń kọ, ó ń kọ, kò gbójú sókè. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní gbogbo ìgbà tí ebi bá pa á, àbí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo rò pé gbogbo ọmọ ló rí bẹ́ẹ̀.

Ó ní rárá. Ó ní ibì kan ló yẹ kí òun wò báyìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ àti ti èmi àti ti ìyá rẹ sì ti tó, kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní ní ti àwọn ìgò yòókù, òun kò lè tọ́jú itọ́ ẹni tí kò fọwọ́ sí ìwé kankan, òfin ní kí òun da á nù, òun sì ti dà á nù. Omma ní ìgò òun ńkọ́? Ó ní òfin kò sọ ti ìgò. Omma ní rúbábù tí òun fi ń se jáàmù ti ga dé orúnkún, kò ní dúró de òfin. Wọ́n kó àwọn ìgò náà padà lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fọ̀ wọ́n ju bí Omma ṣe fọ̀ wọ́n lọ, èyí sì ń bí i nínú.

Ohun kan wà tí mo fi ọjọ́ púpọ̀ rò, mo sì fẹ́ kí o fi ìwé yìí pamọ́ nítorí rẹ̀. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, wọ́n béèrè pé tí àwọn bá ń wo ẹ̀jẹ̀ rẹ, tí àwọn sì ṣèèṣì rí ohun mìíràn, àìsàn tí kò ní yọjú àfi tí o bá di ẹni ogójì tàbí àádọ́ta ọdún, tí kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i báyìí, ṣé mo fẹ́ mọ̀? Mo ti kọ BẸ́Ẹ̀ NI gàdàgbà-gàdàgbà, ó gba gbogbo ojú ewé náà. Vibeke ní òun máa fi ojú ewé náà ránṣẹ́ padà, kí n tún un rò. Ó ní èyí tí ìtọ́jú wà fún nígbà èwe, àwọn máa sọ. Ó ní tó bá ṣe ti Tummas ni, tí àwọn bá rí ohun tó ń mú ọ ṣubú, àwọn máa yẹ òun náà wò fún ìyẹn nìkan, torí pé ó lè mú un ní kékeré. Ṣùgbọ́n ti ogójì ọdún yẹn, ó ní ti Rannvá ni, kì í ṣe tèmi.

Inú bí mi. Mo gun òkè lọ. Ìkúukùu náà nípọn débi pé mi ò mọ èwo ni ẹsẹ̀ mi èwo ni òkúta. Ohun gbogbo dákẹ́, òkun nìkan ló ń mí nísàlẹ̀. Mo rí ọ, Rannvá. O ti di àgbà obìnrin, irun rẹ ti ń funfun létí, o jókòó lórí àpáta, o ń fi irun àgùntàn hun nǹkan, ara rẹ sì balẹ̀. Mo fẹ́ bi ọ́ bóyá ara rẹ le. O gbójú sókè, o wò mí bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, abo àgùntàn kan ni, ó dìde, ó sì wọ inú funfun yẹn lọ.

Mo sọ̀ kalẹ̀ wá bá Omma. Ó ń bó pòtétò. Mo bi í pé tí ẹnì kan bá ti sọ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pé lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, òkun máa mú bàbá mi lọ, ṣé ì bá fẹ́ gbọ́? Kò gbójú sókè. Ó ní òun ì bá ti di opó lọ́jọ́ ìgbéyàwó nìyẹn. Ó bó òmíràn. Ó ní ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bàbá mi fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n sọ fóun, ìyẹn yàtọ̀, bàbá mi ló ni òkun ẹ̀. Ó wá ní Hergeir, olórí kunkun, gbé ìkòkò yẹn wá, tàbí o tún fẹ́ kí n yẹ omi ẹ̀ wò?

Nígbà tí ojú ewé náà dé, mo fi bírò pa BẸ́Ẹ̀ NI yẹn rẹ́, ó gba inki púpọ̀. Mo kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: Ẹ bi Rannvá fúnra rẹ̀, nígbà tó bá pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí ọjọ́ yẹn bá dé, ohun tí o bá sọ fún wọn ni mo fara mọ́. Tí o bá ní o kò fẹ́ mọ̀, mi ò ní bi ọ́. Tí o bá ní o fẹ́ mọ̀, màá bá ọ wọ ọkọ̀ òfuurufú yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Níjẹta, Vibeke pè. Wọ́n ti rí i. Ó ní èmi àti ìyá rẹ, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ló gbé ìdajì kan nínú ẹ̀jẹ̀ láìmọ̀, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìdajì méjèèjì ló bọ́ sọ́wọ́ rẹ. Ó ní ara rẹ mọ bí a ṣe ń kó oúnjẹ pamọ́, kò mọ bí a ṣe ń kó o jáde ni. Ó yé mi. Ó dà bí ahéré tí a ń sá ẹran sí, tó kún dé òrùlé, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ há, tí ebi sì ń pa àwọn tó dúró síta. Mo bi í pé oògùn wo ni, kí n lọ wá a. Ó ní ìyẹ̀fun àgbàdo ni, lásán, tí a kò sè, tí a pò mọ́ omi tútù, ní wákàtí bíi mélòó kan síra wọn, tọ̀sán tòru, kí ebi má bàa rí àyè. Mo ní màdáámù, ṣé gbogbo ẹ̀rọ Kopinhágìn, ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n wá sọ? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó foríjì mí ní ti ahun tí mo pè é. Ó ní àwọn dókítà ń pe òun ní ohun tó burú jùyẹn lọ lójoojúmọ́. Tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ti kọ́ ìyá rẹ ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, ẹ óò máa bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́ fún ọmọ mi. Ìyá rẹ ní ìlẹ̀kẹ̀ kan ni wọ́n ń san fún ọ lórí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, o sì ti ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Mi ò mọ̀ pé o ti ń ṣiṣẹ́ gba owó. Mo bi Dánjal iye króna tí ìlẹ̀kẹ̀ kan máa jẹ́ ní báńkì, ó ní tó bá jẹ́ ti ìlú ńlá, ó máa pọ̀. Tí kò bá ni ọ́ lára, fi mẹ́wàá ránṣẹ́ sí mi, kí n fi ra àpò ìyẹ̀fun ńlá kan àti aago tó ń jí ènìyàn. Má fi èyí tó o fẹ́ràn ránṣẹ́ o, má sì jẹ́ kí wọ́n gún ọ ní ẹyọ kan lé e nítorí tèmi.

Kí aago náà tó dé, mo ti ń fi ara kọ́ ọ. Wọ́n ní ìgbà kan nínú ìgbà tí wàá máa mu ìyẹ̀fun náà máa bọ́ sí aago méjì òru. O mọ̀ pé ilẹ̀ kì í fẹ́ ṣú ní oṣù yìí, ìkúukùu a sì máa tàn lójú fèrèsé rẹ bíi wàrà. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì, lánàá àti lónìí. Mo pò ó, mo gbé ife náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ, mo pe orúkọ rẹ, mo dúró níwọ̀n ìgbà tí ó máa gbà ọ́ láti mu ún tán. Lẹ́yìn náà, mo mu ún fúnra mi. Kò dùn, Rannvá. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó rí bíi pé ènìyàn ń mu ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n mo mu ún dé ìsàlẹ̀ ife, wàá sì máa mu ún, èmi náà á sì máa jí.

Kí ebi má ṣe mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ. Kí òwúrọ̀ máa bá ọ nídìí iṣẹ́. Kí o pẹ́ láyé débi tí irun rẹ á fi funfun, kí n sì ti lọ tipẹ́ kí ó tó funfun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hergeir